Ẹ̀gẹ́ Tí Mo Gbìn Sórí Ilẹ̀ Tí O Fẹ́ Rà

Òkókómáíkò,
Ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àdùkẹ́ tí mo bí tí mo fi gbàgbé ìrora,

Mo kí ọ, mo kí Gbóyèga ọkọ rẹ, mo sì kí Fọlákẹ́ ọmọ-ọmọ mi tó kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ pé, "Màmá àgbà, mo ti mọ ìwé kà." Sọ fún un pé èmi náà ti mọ̀ ọ́n kọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo èyí tí o ń kà yìí. Tẹ́lẹ̀, akọ̀wé ìjọ wa ló máa ń bá mi kọ lẹ́tà. Bí mo bá pa òwe mẹ́ta, ọ̀kan ni yóò kọ, yóò ní ìwé ti fẹ́ kún. Ní báyìí tí mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, kò sí ẹni tí yóò gé òwe mi mọ́. Nítorí náà, wá ibi jókòó sí.

Lẹ́tà rẹ dé, ó sì dùn mí níbì kan. O ní, "Màmá, àbí ẹ kò fẹ́ kí n kọ́lé ni?" Mo kà á, mo tún un kà, mo rò pé bóyá ìwé tí mo kọ́ kò tíì tó láti ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, ìyá wo ni kò fẹ́ kí ọmọ òun kọ́lé? Mo mọ ohun tó ń lé ọ. Mo mọ̀ pé ìyá onílé yín ní Ìlọrin ń pe Fọlákẹ́ ní "ọmọ ayálégbé" nígbàkígbà tó bá ṣeré dé iwájú ilé. Mo mọ̀ pé gbogbo ohun tí ìwọ àti Gbóyèga fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ni ẹ fẹ́ fi ra ilẹ̀ yìí, kí ẹ lè ní ibi tí ẹ ó kó sí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbé e wá sí Èkó. Bí ilẹ̀ náà bá dára, ẹ di onílé. Bí kò bá dára, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o ní sùúrù. Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà ni n kò sọ fún ọ, torí èmi gan-an kò tíì mọ ohun tí n ó rí.

Rántí ọjọ́ tí a jọ lọ wo ilẹ̀ náà lẹ́yìn Ọ̀jọ́, ní ìgbà ọyẹ́. O dúró lábẹ́ igi àgbọn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè rẹ, omi ń dán yinrinyinrin níwájú rẹ. Múfú, ọmọ onílẹ̀ tó ń tà á, kò dákẹ́ ẹnu: "Anti, tí ẹ bá ti jí, tí ẹ ṣí fèrèsé báyìí, omi ni ẹ ó máa wò! Àwọn òyìnbó ń wá irú ẹ̀ kiri. Ẹlòmíràn ti ń dúnàádúrà rẹ̀ o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bọ́." O wá wò mí pẹ̀lú ojú tí o fi máa ń wò mí nígbà èwe rẹ tí o bá rí bàtà Kérésì. Bàbá rẹ máa ń gbé ọ sí èjìká lọ wo omi Ọ̀jọ́ ní ọjọ́ Sunday. Mo rí bàbá rẹ lójú rẹ lọ́jọ́ náà. Ó wù mí kí n sọ pé kí o sanwó kíá. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ ńkọ́, kí la ó wò kí a tó rà á?

Ẹ̀kíní. Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ìdí tí ilé fi ń wọ́n sí i lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ kó dé Òkókómáíkò, àwọn ará wa ní Ìlaròó ń béèrè pé, "Ṣé wọ́n lé yín nílùú ni?" Igbó ni ibí yìí. Owó tí a fi ra ilẹ̀ nígbà náà kò lè ra ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí. Kí ló ṣẹlẹ̀? Abèèrè kì í ṣìnà, mo bá ń béèrè. Obìnrin tó ń ta àpò ní Ìyànà Ìbà ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń gba gbogbo yàrá. Mo dé Alábà láti ra fáànù, mo bi ọmọ Ìbò tó tà á fún mi, ó fi pijin dá mi lóhùn: "Mama, anywhere wey load dey land, house go cost there." Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni: ibi tí ẹrù bá ti ń sọ̀, onílé ibẹ̀ ló ń gbéra ga. Láti ibẹ̀ mo yà sí Alábà Rago. Mallam kan tó ń ta àgbò sọ fún mi pé òun ń sanwó ibi tí òun ń sùn, òun sì ń sanwó ibi tí àwọn àgbò dúró sí.

Mo ní, "Àgbò náà ń san rẹ́ǹtì?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ó ń san ju èmi lọ."

Mo wá gbà pé ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń sọ ilẹ̀ di owó. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ kò bá dín ní ọ̀nà Àgbádárìgì yìí, tí oníṣòwò ń dé, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dé, tí òṣìṣẹ́ tí kò rí yàrá gbà nínú Èkó ń sá bọ̀, ilé yóò máa wọ́n ni. Nítorí náà, Mojí, n kò ta kò ọ́. Ẹni tó bá lè ra ilẹ̀ níbí, kó rà á. Ilé tí o bá kọ́ yóò gbà ọ́, yóò sì gba ọmọ rẹ.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí eruku wà, ilẹ̀ wọ́n. Ní etí omi, níbi tí atẹ́gùn wà, tí àgbọn wà, ilẹ̀ pọ́ọ́kú. Èéṣe tí ilẹ̀ tó rẹwà jù fi pọ́ọ́kú jù? Ta ló ń bá wa ṣe oore, tí a kò sì mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀kejì. Má fi ojú ilẹ̀ ìlú rẹ wo ilẹ̀ onílẹ̀. Èyí la kọ́ lára ilé tí mo jókòó sí báyìí. Ní Ìlaròó, ilẹ̀ pupa ni, ènìyàn á gbẹ́ kànga títí a kò fi ní rí orí rẹ̀ mọ́, kò tíì kan omi. Bàbá rẹ wo yanrìn funfun tó wà níbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó fò sókè lórí rẹ̀, ó ní, "Àpáta nìyí!" Ó bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ nílé wa, ó jìn dé àyà rẹ̀. Kí ó tó jáde nínú kòtò, omi ti ń yọ sí i láti ìsàlẹ̀, bí àlejò tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Obìnrin Ègùn kan ń kọjá lọ, ó ru agbọ̀n ẹja yíyan. Ó dúró, ó wo bàbá rẹ nínú omi, ó ní, "Ará òkè, kànga ni àbí ilé?"

Bàbá rẹ ní, "Ilé ni, ìyá."

Ó ní, "Ó dáa. Tí ẹ bá ti bí ẹja síbẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Bí èmi àti Ìyá Sènàmì ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Òun ló fi hàn wá pé níhìn-ín, a kì í gbẹ́ ilé wọlẹ̀, a máa ń gbé e sókè ni. A kó yanrìn, a dí kòtò náà, a tún bẹ̀rẹ̀. Ilé tí ì bá parí lọ́dún yẹn dúró di ọdún mìíràn. Ìwọ nìkan ni inú rẹ dùn, o ń ju ìwé sínú kòtò, o ní ọkọ̀ ojú omi ni.

Ó yẹ kí n kọ Ẹ̀kẹta síhìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kù kò ṣeé gé sí wẹ́wẹ́. Ìtàn ni, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí o padà sí Ìlọrin, mo lọ bá Ìyá Sènàmì. Mo ní, ọ̀rẹ́ mi, báwo ni mo ṣe lè mọ ìwà ilẹ̀ yìí kí ọmọ mi tó sanwó? Ó ní, "Má bi ẹni tó ń tà á. Gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Ẹ̀gẹ́ kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun tutù. Ibi tó bá gbà láti gbé, ènìyàn lè gbé ibẹ̀." Mojí, wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọrùn tó! Mo gbé igi ẹ̀gẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Múfú.

Múfú fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Haa, Màmá! Ilé la ní kí ẹ kọ́, ẹ fẹ́ dá oko! Kí ló dé tí ẹ fẹ́ sọ púlọ́ọ̀tì di abúlé mọ́ wa lọ́wọ́?"

Mo ní, "Múfú ọmọ mi, ṣé ẹ̀gẹ́ yóò jẹ ilẹ̀ yín tán ni?"

"Kò ní jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n tí kọ́sítọ́mà mìíràn bá dé, tó rí ẹ̀gẹ́ ńkọ́?"

"Ṣebí o ní ẹlòmíràn ti ń dúnàádúrà rẹ̀? Jẹ́ kí ó bá wa jẹ ẹ̀gẹ́."

Ó fi mí sílẹ̀, ó ń kùn lọ. Mo kọjá rẹ̀, mo lọ bá Bàbá Àkànní, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí wọn. Bàbá ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n gbé àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ìyá Mojí, ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Obìnrin ẹlẹ́ja kan ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé sí i. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá bi ilẹ̀ wa ní ìbéèrè. Èmi ni gbogbo wọn ń bi. Ẹ lọ gbìn ín. Bó bá ta, ẹ fún mi níbẹ̀."

Mo kọ ebè láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ igi àgbọn tí o dúró sí. Mo gbìn ín, mo ń lọ wò ó. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, gbogbo rẹ̀ yọ ewé, Múfú sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá àgbẹ̀, ṣé ẹ rí i? Ilẹ̀ wa dáa!" Mo ní ó dáa lóòótọ́, jẹ́ kí a dúró de òjò tó mọ ọ̀nà ilé. Ìgbà yẹn ni o kọ lẹ́tà pé ṣé n kò fẹ́ kí o kọ́lé ni.

Òjò tó mọ ọ̀nà ilé wá dé. Ó rọ̀ títí àwọn ọmọdé fi gbàgbé àwọ̀ oòrùn. Nígbà tó dáwọ́ dúró, èmi àti Ìyá Sènàmì ká yẹ̀rì wa sókè, a lọ síbẹ̀. Gbọ́ ohun tí a rí. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ̀gẹ́ ga dé ìbàdí mi, ewé rẹ̀ tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbà. Láàrin, ewé ti ń pọ́n. Lábẹ́ àgbọn, Mojí, kò sí ẹ̀gẹ́. Igi rẹ̀ dúró nínú omi bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ láàrin ebè mi. Ibi tí o dúró sí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè rẹ gan-an, wọ́n so ọkọ̀ ojú omi mọ́ ọn.

Ìyá Sènàmì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ìyá Mojí, o gbin ẹ̀gẹ́, ẹja ló hù!"

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo rí yàrá Fọlákẹ́ nínú omi náà. Mo rí ibùsùn rẹ̀ tó ń léfòó.

Bàbá Àkànní tọ̀ wá bọ̀, Múfú ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Bàbá wo ebè, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Láyé àwọn baba wa, a kì í ta ilẹ̀ kọjá àgbọn. Omi kì í kó kúrò nílé rẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, ó kàn máa ń rìnrìn àjò ni, yóò padà wá bá àwọn tó ń gbé yàrá rẹ̀." Wọ́n yíjú sí ọmọ àbúrò wọn. "Múfú, kí ló dé tó jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni o máa ń mú ènìyàn wá síbí?"

Múfú ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bàbá, ìgbà yẹn ni ọ̀nà máa ń gbẹ."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà kò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín. Mo wá rí ẹni tó ń ṣe oore ilẹ̀ pọ́ọ́kú fún wa.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, mo ní, "Bàbá, ọmọ mi fẹ́ràn ibí yìí o. Ṣé kò sí ọ̀nà?" Bàbá tẹ̀ síwájú. Wọ́n fi ọ̀pá wọn fa ìlà sílẹ̀. Múfú ti gé ilẹ̀ náà ní ìnàró, láti ọ̀nà dé omi, kí púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lè rí omi. Bàbá gé e ní ìbú. Wọ́n ní kí o mú apá iwájú èyí tí o fẹ́, kí o sì mú apá iwájú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò di púlọ́ọ̀tì kan gbáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti gbé. Ibi tí ewé ti ń pọ́n, kí ó jẹ́ ti ẹbí fún ewébẹ̀. Láti àgbọn dé omi, wọn kò ní tà á fún ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ ni yóò máa so ọkọ̀ síbẹ̀ bíi ti àtijọ́.

Mo ń padà bọ̀ nílé ni ó tó yé mi. Mojí, bí kò bá sí ẹni tó lè kọ́lé sí ẹ̀yìn rẹ, ta ni yóò dí ọ lójú? Fèrèsé rẹ yóò máa wo àgbọn àti omi, ẹsẹ̀ rẹ yóò sì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ohun tó ba ilẹ̀ yẹn jẹ́ fún ilé ni yóò máa ṣọ́ ojú fèrèsé rẹ fún ọ. Ǹjẹ́ yóò rí bẹ́ẹ̀ títí láé? N kò mọ̀. Bóyá ayé kan yóò dé tí wọn yóò fi yanrìn dí etí omi, kí wọ́n kọ́ ilé sórí rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi àti ojú rẹ yóò ti wo omi náà tó kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ó ku ìmọ̀ràn díẹ̀, n kò ní ka iye wọn mọ́.

Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wọ́n ju èyí tí ẹ ní lọ́kàn. Bàbá dín in, síbẹ̀ kò ní sí ohun tí yóò ṣẹ́kù tí ẹ ó fi kọ́lé lójú ẹsẹ̀. Má bẹ̀rù. Ẹ má kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́ yàrá kan àti pálọ̀ kan, ẹ fi òrùlé bò ó, ìyókù yóò máa tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Kí ilẹ̀ ilé ga ju ọ̀nà lọ. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Sènàmì bá yín wò ó kí bíríkìlà tó fi sìmẹ́ńtì kan nǹkan.

Ẹ má san owó fún Múfú nìkan, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó. Kí gbogbo àgbà ẹbí jókòó, kí wọ́n rí ojú yín, kí ẹ̀yin náà rí tiwọn.

Kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí ìwé ilẹ̀. Bàbá rẹ kò kàwé, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tó kú, kò sí ẹni tó bi mí léèrè pé níbo ni mo ń lọ.

Ní ti ibi tí ẹ ó máa gbé kí ilé tó parí, yàrá méjì ẹ̀yìn ti ṣófo nínú ilé mi. Gbóyèga, ọmọ mi, ìwọ ni mo ń bá wí báyìí. Mo mọ̀ pé ọkùnrin kì í fẹ́ sùn sílé àna. Má wá gẹ́gẹ́ bí àna. Wá gẹ́gẹ́ bí ayálégbé mi. N kò ní gba rẹ́ǹtì ní owó. Ohun tí ẹ ń fún ìyá onílé ní Ìlọrin, ẹ fi ra búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì kó wọn jọ síbi tí mo ti lè rí wọn láti ojú fèrèsé mi. Bí wọn kò bá pọ̀ sí i, n ó lé ọ jáde, torí lándílédì burúkú ni mí. Fọlákẹ́ nìkan ló lè ṣeré dé iwájú ilé mi, dé ẹ̀yìn rẹ̀, dé orí tábìlì pàápàá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ọmọ ta ni, kí ó ní ọmọ-ọmọ onílé ni òun.

Múfú ní kí n tu ẹ̀gẹ́ náà kúrò kí ẹ tó dé, kí ilẹ̀ lè mọ́. Mo kọ̀. Mo fún Bàbá Àkànní ní tiwọn, mo fi ìyókù sílẹ̀ nínú ilẹ̀ fún ọ. Omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé, n kò ní fi ibi kankan hàn ọ́. Ká yẹ̀rì rẹ sókè, kí o máa fà á tu fúnra rẹ, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Èyí tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ láìjà, fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́. Ibi tí ẹ̀gẹ́ bá ti di ilẹ̀ mú, tó fẹ́ gbé ọ ṣubú, tí Fọlákẹ́ ní láti di ìdí rẹ mú kí ẹ jọ fà á, ibẹ̀ ni kí o ti pe bíríkìlà pé kí ó ta okùn ìpìlẹ̀.

Ìyá rẹ, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀.